Ìbọn Inú Ìkòkò Ìkómọ

Àgádágodo ni Àyànníyì ń tà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Kawo, kò jìnnà sí abẹ́ afárá, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń pe èrò Zaria àti Kano láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Yàtọ̀ sí àgádágodo, ó ń ta ilẹ̀kùn irin, ó sì ń ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn onílé ń yí sórí ògiri. Bí oníbàárà bá wọlé wá ra kọ́kọ́rọ́, Àyànníyì kì í kàn tà á fún un. Yóò ní kí ó jókòó, yóò bi í bí ilé rẹ̀ ṣe rí, ibo ni fèrèsé kọjú sí, ọ̀nà wo ni olè lè gbà wọlé tí ẹnikẹ́ni kò ní fura. Ó fẹ́ràn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ayò. Ó sì máa ń fọ́nnu pé kò sí ilé tí òun kò lè tì pa.

Tirẹ̀ nìkan ni kò rí tì.

Gonin Gora ni ó kọ́ ilé náà sí, lẹ́bàá ọ̀nà Abuja, láàárín àwọn ilé tuntun tí wọn kò tíì rẹ́ ògiri wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n kó débẹ̀ tí àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àdúgbò náà lẹ́nu. Wọ́n wọ ilé Ọlátúnbọ̀sún, ọ̀rẹ́ Àyànníyì láti kékeré, wọ́n sì mú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ sínú igbó. Àbúrò náà kò padà wá.

Láti ìgbà náà ni ara Àyànníyì kò ti lélẹ̀ mọ́. Bí ajá bá gbó, yóò dìde. Bí ajá kò bá gbó, yóò tún dìde lọ wo ohun tó pa ajá lẹ́nu mọ́.

Nígbà tó yá, ó ra ìbọn. Ìbọn ìléwọ́ ni, irú èyí tí àwọn kan ń rọ ní bòókẹ́lẹ́, tí kò ní ìwé àṣẹ ìjọba kankan. Kò sọ fún Morọ́láyọ̀ ìyàwó rẹ̀. Kò sọ fún pásítọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Lóòótọ́ ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń lọ kí àna ló ń lọ: yóò wọ aṣọ tó dára, yóò jókòó jẹ́ẹ́, yóò máa wo aago.

Ọlátúnbọ̀sún nìkan ni ó fi hàn. Olùkọ́ ìṣirò ni Ọlátúnbọ̀sún, ní ilé ìwé girama kan. Àyànníyì rò pé ẹni tí ajínigbé ti mú àbúrò rẹ̀ lọ yóò yìn ín. Ọlátúnbọ̀sún wo ohun tó wà nínú àkísà náà, kò fọwọ́ kàn án.

"Kí lo fẹ́ kó ṣe fún ẹ?" ni ó bi í.

"Kí n lè sùn."

"Ṣé o ti ń sùn?"

Àyànníyì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ẹ ṣáà fẹ́ kí olè bá gbogbo wa lórí ìkúnlẹ̀."

Ọlátúnbọ̀sún kò bínú. Ó ní òun náà mọ ẹ̀rù, òun kò sì ní purọ́ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé gbogbo ohun tó ń lé e kọ́ ló wà lẹ́yìn géètì. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà láàárín Àyànníyì àti Ọlọ́run tí kò tíì yanjú, àti pé títí yóò fi yanjú, kò sí irin tí yóò fi sábẹ́ ìrọ̀rí tí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ gbàdúrà. Àyànníyì ní òun ń kánjú lọ sí ọjà.

Kò sùn lóòótọ́. Ìbọn náà tún gbé ìṣòro tuntun wọlé, ìṣòro tí ó ń yí lọ́kàn rẹ̀ bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́ tí kò wọ ihò. Ìbọn tí a fi ń ṣọ́ ilé gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ bàbá yóò ti tètè tó o. Ó sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ọmọ kò ní tó o láéláé. Ibi tó bá dára fún ti àkọ́kọ́ kò dára fún èkejì. Ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Morọ́láyọ̀ a máa tún bẹ́ẹ̀dì tẹ́. Ó gbé e lọ sókè àjà. Kó tó rí àkàbà, àwọn olè á ti parí iṣẹ́ wọn. Ó fi í sẹ́yìn aṣọ rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó bá Ṣeunfúnmi ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọmọdébìnrin náà ń wá ìgbànú. Bí ó bá yọ ọta kúrò nínú rẹ̀, irin lásán ni. Bí ó bá fi ọta sílẹ̀ nínú rẹ̀, ikú ni, ó wà nílé, ó ń dúró de ẹni tí yóò bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ó fi ọta sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, yóò máa rò ó: ibo ni mo fi í sí lónìí? Bí ó bá délé, kì í kí ẹnikẹ́ni títí yóò fi lọ fọwọ́ bà á.

Níkẹyìn ó rò pé òun ti rí ojútùú. Morọ́láyọ̀ ní àwọn ìkòkò àṣè kan tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà ìgbéyàwó, àwọn ńláńlá tí wọ́n fi ń se oúnjẹ fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn, tí wọ́n máa ń ki bọ inú ara wọn. Inú sítọ́ọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá wọn ni wọ́n wà. Ọmọdé kò lè gbé wọn. Àgbàlagbà ọkùnrin yóò kàn gbé èyí tó wà nínú kúrò, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì tó ìdí èyí tó tóbi jù lẹ́ẹ̀kan náà. Àyànníyì fi àkísà wé ìbọn náà, ó tẹ́ ẹ sí ìdí ìkòkò, ó sì to àwọn yòókù padà lé e lórí. Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n tó dá yìí.

Ohun tó gbàgbé ni ohun tí gbogbo obìnrin Yorùbá tó ń gbé Kaduna mọ̀. Ìkòkò àṣè kì í gbélé. Lọ́sẹ̀ yìí ó wà nílé òkú ní Kakuri, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó wà níbi ìgbéyàwó ní Kawo. Ọ̀dà ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí ìdí rẹ̀ kí ó má bàa sọnù. Onígbàgbọ́ ń yá Mùsùlùmí, Mùsùlùmí ń yá onígbàgbọ́. Nígbà tí rògbòdìyàn ẹ̀sìn pín ìlú náà sí méjì, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí apá òkè odò, tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sì kó wá sí apá ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n jọ ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló dópin. Àwọn ìkòkò wọ̀nyí ṣì ń sọdá.

Ní ọdún náà, Sàdíátù bímọ. Àbúrò Àyànníyì ni, ọmọ ìyá kan, bàbá kan. Mùsùlùmí ni bàbá wọn tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Bàbtíìsì ni ìyá wọn. Sàdíátù tẹ̀lé bàbá, Àyànníyì tẹ̀lé ìyá. Tudun Wada, níbi tí wọ́n bí wọn sí, ni Sàdíátù ṣì ń gbé pẹ̀lú Hámzàt ọkọ rẹ̀, aránṣọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ìkómọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, Àyànníyì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọ̀sán nítorí pé ọjà Kawo máa ń dá nígbà ìrun. Ó délé. Ó lọ tààrà sí sítọ́ọ̀. Ilẹ̀ lásán ni ó bá, àti òbìrí ibi tí ìdí ìkòkò kò jẹ́ kí eruku bà lé.

Ó pe Ṣeunfúnmi, ó bi í níbi tí ìyá rẹ̀ wà. Hausa ni ọmọ náà fi dá a lóhùn, bí ó ti máa ń ṣe. "Mama ta tafi Tudun Wada," màmá ti lọ sí Tudun Wada, ni ó wí, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè nínú iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀. Ó ní àwọn ìkòkò ni wọ́n gbé lọ fún Àǹtí Sàdíátù, kéké ni wọ́n bá lọ.

Àyànníyì fa fóònù yọ. Ó tẹ nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀. Morọ́láyọ̀ gbé e.

"Ìyá Ṣeun, níbo lo wà?"

"A wà lọ́dọ̀ àwọn sójà. Wọ́n ní ká sọ̀kalẹ̀, wọ́n fẹ́ wo ẹrù. Kí ló dé, Bàbá Ṣeun?"

Ó la ẹnu. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn èrò yòókù nínú fóònù náà, ó sì ń gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń pàṣẹ ní Hausa. Bí ó bá dárúkọ ìbọn, tí ìyàwó rẹ̀ bá pariwo, níwájú àwọn sójà ni. Bí kò bá dárúkọ rẹ̀ ńkọ́?

"Kò sí," ni ó wí. "Máa ṣọ́ra o."

Ìlà náà já. Nígbà tó tún pè, kò lọ mọ́.

Ó sáré lọ sí ilé Ọlátúnbọ̀sún, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Ọlátúnbọ̀sún kò sọ pé òun ti wí fún un tẹ́lẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ní, "Jẹ́ ká lọ."

Àyànníyì kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ṣí fèrèsé ọkọ̀, ó tì í. Ó tún bẹ́líìtì dè, ó tú u. Ó pe Morọ́láyọ̀, kò lọ. Ó pe Sàdíátù, ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Nígbà tí wọ́n dé ibi àyẹ̀wò àwọn sójà, ọkọ̀ ti tò gùn lọ síwájú. Ó sọ̀kalẹ̀ láti wò ó bóyá kéké kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí wọ́n dá dúró, kò sí. Ìyẹn ni pé wọ́n ti kọjá. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, àfi bí ó ṣe rò ó pé bí sójà kò bá rí i, àwọn obìnrin ni yóò rí i. Wọn yóò fọ ìkòkò kí wọ́n tó fi se oúnjẹ. Àwọn ọmọ wẹẹrẹ yóò wà ní gbogbo àgbàlá.

Ó fẹ́ gbàdúrà. Ó ní, "Ọlọ́run," ọ̀rọ̀ tó kàn kò wá. Ó yà á lẹ́nu pé òun kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ tẹ̀lé e.

Wọ́n kọjá odò. Nígbà tí wọ́n wọ Tudun Wada, àwọn tó ti Jímọ̀ dé ṣì ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ojú ọ̀nà. Ní ẹnu òpópónà Sàdíátù, èrò ti dí ọ̀nà, ọkọ̀ kò lè kọjá mọ́. Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Àyànníyì gbọ́ ni "bindiga," ìbọn.

Ó ti yìn.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Sójà tó wo ẹrù kàn fi igi gbá ìkòkò náà ni, ó gbọ́ pé ti ìkómọ ni, ó ní kí wọ́n má gbàgbé ẹran tòun, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ní ilé Sàdíátù, Zulaiha, obìnrin Hausa tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wá bá wọn fọ ìkòkò. Ó rí àkísà ní ìdí èyí tó tóbi jù, ó rò pé èyí tí wọ́n fi ń nu ìkòkò ni, ó fà á yọ, ó jù ú sílẹ̀. Ìbọn yìn, ọta náà ha Zulaiha lẹ́sẹ̀, ó sì wọ ara ògiri yàrá tí ọmọ tuntun náà wà. Wọ́n ti gbé Zulaiha lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìró ìbọn kan ní Tudun Wada, ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Ẹni tó bá gbé Kaduna mọ ohun tí ìyẹn lè dà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti kún iwájú ilé náà, òkúta wà lọ́wọ́ àwọn kan, wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè ibi tí ìkòkò náà ti wá. Ẹnì kan dáhùn pé láti Gonin Gora ni. Ẹlòmíràn tún un sọ, ohùn rẹ̀ le ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní àwọn onígbàgbọ́ ló gbé ìbọn wọ àárín àwọn.

Mai Anguwa, olórí àdúgbò, arúgbó kan tó ní irùngbọ̀n funfun, ti gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, ó sì jókòó sórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Morọ́láyọ̀ fara ti ògiri, gèlè rẹ̀ ti ṣí kúrò lórí. Sàdíátù dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tuntun lọ́wọ́, wọ́n ní kó wọlé, kò wọlé.

Mai Anguwa bi Morọ́láyọ̀ pé ta ló ni ìbọn. Ó ní òun kò mọ̀. Ó rí ọkọ rẹ̀ láàárín èrò, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ díẹ̀. "Ọkọ mi nìyẹn," ni ó wí.

Gbogbo orí yí padà. Mai Anguwa ní kí wọ́n jẹ́ kó kọjá. Nígbà tí Àyànníyì dé iwájú rẹ̀, arúgbó náà bi í jẹ́jẹ́, ní Hausa, bóyá tirẹ̀ ni.

Àyànníyì wo òkúta ọwọ́ ọ̀dọ́ tó dúró tì í. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"A'a," ni ó wí. "Kì í ṣe tèmi. Mi ò rí i rí."

Ó rí bí ojú Morọ́láyọ̀ ṣe yí padà. Ó kàn wò ó bí ẹni tó ń wo àjèjì. Ariwo tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, wọ́n ní ó di dandan kí obìnrin náà sọ ẹni tó rán an.

Nígbà náà ni Hámzàt jáde láti inú ilé. Téèpù tí ó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wo Àyànníyì fún ìgbà díẹ̀, ó sì yíjú sí àwọn èèyàn náà.

"Tawa ce," ni ó wí. Tèmi ni.

Ó ní òun ló ra ìbọn náà láti fi ṣọ́ ilé, pé bí wọ́n ṣe gbé ìkòkò wọlé ni òun fi í pa mọ́ síbẹ̀, pé àlejò òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọ́n mọ Hámzàt. Òun ló ń rán aṣọ ọdún fún ìdajì wọn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kírun ní wákàtí kan sẹ́yìn. Ìbínú náà kò rí ibi tí yóò bà lé mọ́. Wọ́n bú u. Wọ́n ní ojú tì wọ́n fún un. Ẹnì kan gbá a létí, Mai Anguwa sì dá onítọ̀hún lẹ́kun. Díẹ̀díẹ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká, òkúta bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n sì mú Hámzàt. Nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àyànníyì, ó dúró díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí ní Yorùbá, "ẹ bá mi mú àwọn obìnrin wọlé."

Ohun tó kọ́kọ́ bà lé ọkàn Àyànníyì ni ìtura. Ó bọ́. Ìyàwó rẹ̀ bọ́. Kò tíì mí sínú tán tí ìtura náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó o bí ata.

Morọ́láyọ̀ kọ̀ láti bá a lọ sílé. Ó wọlé pẹ̀lú Sàdíátù, ó sì ti ilẹ̀kùn. Àyànníyì padà sínú ọkọ̀ Ọlátúnbọ̀sún, ó jókòó, ó tún jáde, ó rìn dé ẹnu òpópónà, ó padà wá. Ó ń sọ̀rọ̀ láìdúró. Ó ní bó bá di ọ̀la òun yóò lọ gba béèlì Hámzàt. Ó ní òun mọ ọlọ́pàá kan. Ó ní ta ló tilẹ̀ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, òun kò bẹ̀ ẹ́.

"Kí ló dé tó fi ṣe é?" ni ó bi Ọlátúnbọ̀sún. "Kò jẹ mí ní nǹkan kan."

"Jókòó ná," ni Ọlátúnbọ̀sún wí. "Hámzàt kò ṣẹ̀. Ìwọ lo ṣẹ̀. Wọ́n mú Hámzàt, wọ́n fi ẹ́ sílẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn, àbí?"

"Bó ṣe rí nìyẹn."

"Ara ẹ kò sì gbà á."

"Báwo lara mi ṣe máa gbà á?"

"Ó ti pẹ́ tó ti ń gbà á, Àyànníyì. Láti kékeré lo ti ń gbọ́ pé Jésù kò ṣẹ̀, pé ìwọ lo ṣẹ̀, pé wọ́n mú Jésù, wọ́n fi ẹ́ sílẹ̀. O gbọ́ ọ, o jẹun lé e lórí, o sùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kàn án mọ́gi, ọ̀daràn kan wà ní àtìmọ́lé tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún. Apànìyàn ni. Ó jáde, aláìṣẹ̀ wọlé sípò rẹ̀. Mo máa ń rò ó pé kí ni ọkùnrin yẹn ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ṣé ó kàn lọ sílé ni?"

Àyànníyì wo ilẹ̀kùn tí ìyàwó rẹ̀ tì.

"Hámzàt ṣe ohun tí ìwọ tó ò ń jẹ́ orúkọ Jésù kò lè ṣe, Ọlọ́run á bá a ṣe é níre," ni Ọlátúnbọ̀sún wí. "Ó lè gba ẹ̀wọ̀n ẹ. Kò lè gba ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́rùn ẹ. Irọ́ tó o pa níwájú ìyàwó ẹ ṣì wà lọ́rùn ẹ, àti ẹsẹ̀ obìnrin yẹn, àti gbogbo ọdún tó o fi sá fún Ọlọ́run. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gba ìyẹn, ó sì ti san án. Ohun tó ń dúró dè láti ọ̀dọ̀ ẹ ni pé kó o yé sọ pé kì í ṣe tìẹ."

Àyànníyì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bí ẹni tó tún fẹ́ máa lọ. Kò lọ. Eékún rẹ̀ kanlẹ̀ nínú iyanrìn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí i, ó sì gbé orí lé ìjókòó ọkọ̀.

"Jésù," ni ó wí, "tèmi ni. Ìbọn yẹn, tèmi ni. Irọ́ yẹn, tèmi ni. Ẹ̀jẹ̀ obìnrin yẹn, tèmi ni. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ pé kì í ṣe tèmi, tèmi ni. Mi ò rí ibi gbé e sí mọ́. Gbà mí."

Ó pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó dìde, kò rìn síwá sẹ́yìn mọ́. Ó kan ilẹ̀kùn Sàdíátù, ó wọlé, ó sì sọ òtítọ́ fún àbúrò rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ní ojú ara wọn. Sàdíátù sunkún. Morọ́láyọ̀ kò sọ pé òun dárí jì í. Ìyẹn ṣì kù níwájú, kò sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ó mú gèlè rẹ̀, ó ní òun yóò bá wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Wọ́n kọ́kọ́ lọ bá Mai Anguwa. Arúgbó náà fetí sílẹ̀ títí dé òpin. Ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí Àyànníyì ti la ẹnu sọ pé kì í ṣe tòun. Ó ní òun yóò wá ọ̀nà àti ìgbà tí òun yóò fi sọ òtítọ́ fún àwọn ọ̀dọ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì bá wọn lọ láti dúró fún Hámzàt.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Hámzàt jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́yìn káńtà, láìwọ bàtà. Àyànníyì kò dúró kí wọ́n bi í léèrè. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹni tó jókòó yìí kò ṣẹ̀. Tèmi ni ìbọn náà." Ọ̀gá ọlọ́pàá náà bínú, ó bú gbogbo wọn, ó bi wọ́n bóyá eré ni wọ́n rò pé òun ń ṣe. Ó gbọ́ ẹnu Morọ́láyọ̀, ó gbọ́ ẹnu Mai Anguwa. Nígbà tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní kí Hámzàt dìde, kó wọ bàtà rẹ̀. Ó ní kí Àyànníyì bọ́ tirẹ̀.

Wọ́n pàdé lẹ́nu káńtà. Hámzàt ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá ti jẹ́ kó di ọ̀la." Àyànníyì ní, "Kò lè di ọ̀la." Ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí Hámzàt dìde lórí rẹ̀.

Hámzàt ló gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ níbi ìkómọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àyànníyì kò sí níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n, ó sì lò ó tán. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Zulaiha, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jinná. Zulaiha ní òun ti gbọ́, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí dòní, Àyànníyì ń jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun, òun ti di òmìnira.

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí wà lọ́wọ́ rẹ, bóyá o kò ní ìbọn. Bóyá ohun mìíràn ni, tí ìwọ nìkan mọ̀, tí o ń gbé kiri, tí o sì ń fi ọkàn ṣọ́ níbi iṣẹ́, lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú ìjọ pàápàá. Wọ́n ti bi ọ́ léèrè rẹ̀ rí. Ẹ̀rí ọkàn rẹ bi ọ́, Ọlọ́run bi ọ́, o sì ní kì í ṣe tìẹ.

Ọmọ Ọlọ́run kò ṣẹ̀. Ó rí ọ láàárín èrò, ó mọ ohun tí o ṣe, ó sì sọ níwájú ìtẹ́ ìdájọ́ pé kí wọ́n mú òun. Wọ́n mú un, wọ́n nà án, wọ́n pa á, ó sì jí dìde kúrò nínú òkú kí ó lè fún ọ ní ìyè. Kò bú ọ nígbà tó ń kọjá lọ. Ṣé o kàn fẹ́ máa lọ sílé ni?

Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Ìwọ kọ́ lo ni ọ̀la. Níbi tí o wà yìí gan-an, nínú ọkọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tẹ orí rẹ ba fún Jésù kí o tó fi ìwé yìí sílẹ̀. Kò béèrè ọ̀rọ̀ gígùn lọ́wọ́ rẹ. Sọ ọ́ fún un nísinsìnyí, kí ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ: Olúwa, tèmi ni.